Ọmọ Tó Ń Kó Oúnjẹ Pamọ́ Sí Ẹ̀rẹ̀kẹ́: Ìtọ́sọ́nà Fún Òbí Ọmọ Ọdún Méjì Sí Márùn-ún

Ọmọkùnrin mi kejì kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó oúnjẹ pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òkèlè á wọ ẹnu, kò ní í jẹ ẹ́, kò ní í gbé e mì, kò sì ní í tu ú dànù. A lè jókòó báyẹn fún wákàtí kan gbáko, èmi pẹ̀lú pàṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, òun pẹ̀lú omi lójú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bì gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ọjọ́ yẹn ni mo gbé pàṣán kúrò nídìí oúnjẹ, tí mo lọ bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò wa n'Ìbàdàn. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn, èyí tí mo kà kún un, àtèyí tí mo ti dán wò lára ọmọ mẹ́ta ni mo tò sísàlẹ̀ yìí. Bí ẹ bá ní ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi tí ìdí oúnjẹ sì ti di ojú ìjà nílé yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ara ọmọ ń ṣe. Kí ọmọ tó pé ọdún kan, ìwọ̀n rẹ̀ á ti di ìlọ́po mẹ́ta ohun tó jẹ́ lọ́jọ́ tí a bí i. Lẹ́yìn ọdún méjì, nǹkan bíi kìlógíráàmù méjì ló ń fi kún un lọ́dún. Ara tí kò sáré dàgbà mọ́ kò ní í béèrè oúnjẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá ọmọ á wò ó, á ní, "Ọmọ mi kì í jẹun mọ́," bẹ́ẹ̀ ọmọ ń jẹ ohun tó tó o. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́fà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń bẹ̀rù oúnjẹ tí ojú wọn kò rí rí. Kì í ṣe àfojúdi. Kì í sì í ṣe pé wọ́n ń fún un lóúnjẹ lójú oorun.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ìdílé ní Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn. Nínú 100 ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 59, 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ẹ má rò pé ọmọ tí ebi ń pa nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ lè fi gàrí, ìrẹsì funfun àti búrẹ́dì yó bámúbámú lójoojúmọ́, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má sì tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ pín iṣẹ́ náà sí méjì

Iṣẹ́ òbí ni láti pinnu ohun tí a ó jẹ, àsìkò tí a ó jẹ ẹ́, àti ibi tí a ó ti jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ọmọ ni láti pinnu bóyá òun máa jẹ nínú rẹ̀, àti bí yóò ti pọ̀ tó. Ellyn Satter, onímọ̀ nípa oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìpín yìí kalẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tó yí ilé mi padà bíi rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó le fún wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n rọ lógì nígbà tí a wà ní kékeré: wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògì jọ sí i lẹ́nu, ọmọ á máa ké, ògì á máa wọlé. Àwọn ìyá wa kò ṣe é láti fi ìyà jẹ wá. Ẹ̀rù ikú ọmọ ló ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ké tí a ń rọ oúnjẹ sí lẹ́nu lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí a bá sì ń fi ipá mú láti gbá àwo mọ́, kò ní í pẹ́ kó má mọ ìgbà tí ikùn òun ń sọ pé ó tó.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀, kí gbogbo ilé jókòó. Bí ọmọ bá ní òun kò jẹ, ẹ sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Kò burú. Ṣáà jókòó tì wá." Ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ má bú u, ẹ má fi ọmọ ará ilé kejì wé e. Tí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n bá kọjá, ẹ gbé àwo kúrò. Ẹ má sì lọ se nóódù fún un láti fi dípò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ọmọ tó mọ̀ pé bí òun bá kọ ẹ̀wà, nóódù ń bọ̀, kò ní ìdí kankan láti jẹ ẹ̀wà.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ á nira. Lọ́jọ́ kejì, tèmi jẹ ṣíbí méjì péré láti àárọ̀ di ọ̀sán, ọkàn mi kò sì balẹ̀ rárá. Nígbà tó di alẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló fa àwo sọ́dọ̀. Ẹ má wo ohun tí ọmọ jẹ lọ́jọ́ kan. Ohun tó jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ máa wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ jẹ́ kí ikùn mọ aago

Ikùn ọmọ kéré, kò lè gba ti àárọ̀ àti ti alẹ́ nìkan. Ẹ fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta àti ìpápánu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta wà láàárín wọn. Nílé wa, aago méje, mẹ́wàá, ọ̀kan, mẹ́rin àti méje ni. Láàárín rẹ̀, omi nìkan. Ọmọ tó ń fi bisikíìtì lé bisikíìtì láti òwúrọ̀, ibo ni ebi á gbà wọlé?

Mílíìkì náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ife méjì lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi ìdajì lítà, tó fún ọmọ tó ti lé ní ọdún méjì. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á kún inú rẹ̀, kò ní í fẹ́ oúnjẹ tó ní èròjà irin tí ń mú ẹ̀jẹ̀ wá.

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ gbé fóònù sí yàrá, ti àgbà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ohun tó yẹ kó wà nínú àwo

Ẹ má bu oúnjẹ bíi ti àgbà. Ìwọ̀n tí ó rọrùn láti rántí ni ṣíbí ìjẹun kan nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ti lò láyé. Ọmọ ọdún mẹ́ta á gba ṣíbí ìrẹsì mẹ́ta, ẹ̀wà mẹ́ta, ẹ̀fọ́ mẹ́ta. Bó bá tán tó sì béèrè sí i, ẹ fi kún un. Àwo tó kún dẹ́nu ń já ọmọ láyà. Ẹ sì fún un ní àwo tirẹ̀. Jíjẹun pọ̀ nínú abọ́ kan dára fún ìfẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò yára á kàn máa lá ọbẹ̀ ni, ẹ kò sì ní í mọ̀ pé kò jẹ nǹkan kan.

Ọpẹ́ ni pé ọjà wa kò kúrú. Ẹ̀wà wà, ọ̀nà tí a fi ń sè é kò lóǹkà: mọ́ínmọ́ín, àkàrà, ẹ̀kuru, gbẹ̀gìrì. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ugú, gbúre àti ewédú wà. Epo pupa, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, kárọ́ọ̀tì àti ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, èyí tí ń ṣọ́ ojú. Sáwá àti edé kò wọ́n bí ẹran màlúù, agbára wọn kò sì kéré sí tirẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́, ẹ fi ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ tẹ̀lé e, torí fítámì C inú wọn ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin. Tíì tí a fi ewé ṣe, tí òyìnbó ń mu, ń dí irin yẹn lọ́wọ́, ẹ má fún ọmọdé mu pẹ̀lú oúnjẹ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹyin. Àwọn àgbà kan ṣì ń sọ pé ẹyin àti ẹran ń kọ́ ọmọ lólè. Ó yé mi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀: nígbà tí ẹran wọ́n, wọn kò fẹ́ kí ọmọ di olójúkòkòrò tí yóò máa ṣí ìkòkò onílé. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ara ọmọ ń kọ́ egungun àti ọpọlọ ni a fi ń dù ú ní ohun ìkọ́lé. Ilé púpọ̀ ló wà tí bàbá ń jẹ ẹran mẹ́ta, tí ọmọ ọdún mẹ́rin ń fi omi ọbẹ̀ jẹun. Ẹ̀yin bàbá, ẹ bù fún wọn nínú ẹran yín. Bí ìyá yín bá wà nílé, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kàn sọ pé, "Màmá, nọ́ọ̀sì ló ní kí a máa fún un lẹ́yin kan báyìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò pọ̀." Èmi fúnra mi rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ata náà ń lé ọmọ sá. Ẹ kọ́kọ́ bu ti ọmọ sọ́tọ̀ kí rodo tó wọ ìkòkò. Ẹ dín iyọ̀ àti mágí kù, ẹ jẹ́ kí edé, irú àti àlùbọ́sà ṣe iṣẹ́ wọn.

Oúnjẹ tí kì í já mi kulẹ̀ ni mọ́ínmọ́ín kéékèèké. Ẹ rẹ ẹ̀wà agolo mílíìkì méjì, ẹ bó o, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú tàtàṣé méjì àti àlùbọ́sà kan. Ẹ po epo pupa ṣíbí mẹ́ta mọ́ ọn, àti ìkúnwọ́ edé gígún, ẹja sísè tí ẹ ti yọ gbogbo egungun rẹ̀ tí ẹ sì ti rún, pẹ̀lú ìkúnwọ́ ṣọkọ tí ẹ rẹ́ wẹ́wẹ́. Omi gbígbóná díẹ̀, iyọ̀ díẹ̀. Ẹ pọ́n ọn sínú ewé eéran, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ẹ̀kúnwọ́ ọmọ lọ, kí ẹ sì sè é fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Ọmọ tí kì í fi ojú kan ẹ̀fọ́ á jẹ èyí, òun fúnra rẹ̀ á sì tú ewé rẹ̀. Ẹ má purọ́ fún un bó bá bi yín pé kí ni nǹkan aláwọ̀ ewé inú rẹ̀. Ṣọkọ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ní sùúrù pẹ̀lú oúnjẹ tuntun

Òbí púpọ̀ máa ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Kì í jẹ gbúre." Àwọn tó ń ṣe ìwádìí oúnjẹ ọmọdé ti rí i pé ó lè tó ìgbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ọmọ tó gba oúnjẹ kan. Kò ní láti gbé e mì kí ẹ tó kà á sí ìgbà kan. Ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì, ìgbà kan nìyẹn. Ó fọwọ́ kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó tu ú jáde, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ fi èyí tí kò tóbi ju ẹ̀pà kan lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ tó ti mọ̀ dáadáa. Ẹ gbé e wá nígbà tí ebi ń pa á, kì í ṣe nígbà tí oorun ti ń kùn ún. Ẹ máa jẹ tiyín níṣojú rẹ̀, kí ẹ má sì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ìgbà kọkànlá ni tèmi tó jẹ gbúre. Mo ń kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo lè ti sọ ìrètí nù ní ìgbà kẹfà.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe: "Jẹ ẹ̀fọ́ rẹ, kí n fún ẹ ní súìtì." Ohun tí ọmọ ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ìyà ni ẹ̀fọ́, súìtì ni owó gbà-má-bínú tí a fi ń tù ú nínú. Ìyìn náà ní ìwọ̀n. "O tọ́ ọ wò, o ṣeun," ó ti tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ mú un wọ ọjà, ẹ mú un wọ ilé ìdáná

Mo máa ń mú wọn lọ sí Bódìjà láàárọ̀ Sátidé kí oòrùn tó mú. Iṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ni láti mú ẹ̀fọ́ kan àti èso kan. Ó á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀ kí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, á ní, "Ẹ káàárọ̀ Mà, ẹ bá mi ta tẹ̀tẹ̀." Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ á bu ẹ̀ẹ́nì sí i. Tẹ̀tẹ̀ tó ra fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀ẹ́nì lé, kò lè di ọ̀tá rẹ̀ nígbà tó bá dé inú àwo.

Ọmọ ọdún méjì lè já ewédú lára igi rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè fọ tòmátì, kó sì bó ẹyin sísè tó ti tutù. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè fi ìjábẹ̀ ja ewédú nínú abọ́ tí kò sí lórí iná. Á da díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fún un ní àkísà kó nù ún.

Bí ẹ kò bá ní ilẹ̀, ẹ lu ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti ya, ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ dúdú sí i, ẹ wọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, á ti ṣeé já. Ọmọ á máa bomi rin ín láràárọ̀, kódà nígbà tí òjò bá rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọ̀rọ̀ ṣúgà, àpò ilé ìwé, àti àwọn àlejò

Ní Ìlú Ọba, NHS, ìyẹn àjọ ìlera ìjọba wọn, ní kí ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà má ṣe kọjá gíráàmù 19 ṣúgà àfikún lójúmọ́. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 35cl kan lè ní ju 30 lọ. Júùsì inú páálí kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú. Ẹ fún ọmọ ní ọsàn kó fa á; omi ni kó fi pa òǹgbẹ. Ẹ má pariwo pé súìtì jẹ́ májèlé, nítorí ohun tí a bá fi pamọ́ ni ojú ọmọ ń wá. Kó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ ìnáwó, kó sì tán síbẹ̀.

Nínú àpò ilé ìwé, èyí tí mo máa ń yí ká ni àkàrà méjì pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀dùnkún sísè pẹ̀lú ẹyin, mọ́ínmọ́ín, ní ìgbà àgbàdo, ààbọ̀ àgbàdo sísè pẹ̀lú àgbọn. Ẹ bá àǹtí jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀ ní kùtùkùtù, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, bí kò bá jẹ ẹ́ tán, ẹ jẹ́ kó gbé e bọ̀ wálé, ẹ má nà án nítorí rẹ̀." Ilé ìwé kan tí ọmọ mi lọ rí máa ń to àwọn tí kò jẹun tán sí ìdúró. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó oúnjẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àlejò tó bá mú bisikíìtì wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọmọ náà dúpẹ́, kí ẹ sì gbé e pamọ́ di aago mẹ́rin. Kò sí ẹni tí yóò bínú sí i.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run

Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó jẹun. Kó má sáré, kó má dùbúlẹ̀. Títí yóò fi pé ọdún márùn-ún, ẹ má fún un ní ẹ̀pà odidi. Ẹ lọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ gún un. Ẹ rẹ́ àgbọn tín-ín-rín tàbí kí ẹ rin ín. Ẹ yọ kóró àgbálùmọ̀, ẹ wá egungun ẹja pẹ̀lú ìka yín, kì í ṣe pẹ̀lú ojú nìkan. Súìtì líle kò yẹ ọmọ kékeré rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, ẹ fi èyí kún un: oòrùn ibẹ̀ kò pọ̀ tó fún àwọ̀ dúdú, NHS sì ní kí gbogbo ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin máa gba 10 máíkírógíráàmù fítámì D lójoojúmọ́.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn

Ẹ má jókòó sílé bí ọmọ bá ń rù, bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, bí oúnjẹ bá ń há a lọ́fun lemọ́lemọ́, tàbí bó bá ń jẹ iyẹ̀pẹ̀ àti ẹfun. Jíjẹ iyẹ̀pẹ̀ lè jẹ́ àmì pé èròjà irin kò tó lára rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, wọ́n á fi téèpù aláwọ̀ wọn apá òkè rẹ̀: 12.5 sẹ̀ǹtímítà sókè, àwọ̀ ewé ni, ó dára. Bó bá wọ pupa, tí kò tó 11.5, ìtọ́jú kíákíá ló ń fẹ́. Ẹ tún béèrè fítámì A àti oògùn aràn, èyí tí a ń fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ọmọ tí aràn kún inú rẹ̀, ẹ̀yin àti aràn lẹ jọ ń bọ́ ọ.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ gbogbo ohun tó jẹ àti ohun tó mu fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, àti mílíìkì, àti bisikíìtì tí màmá àgbà fún un níkọ̀kọ̀. Ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.